Ìfọ̀nyìn lẹ́bàá Ààlà: Bí Àjọṣe Ṣe Ń Yí Padà, àti Bí Ìṣirò Ṣe Lè Tọpa Rẹ̀

Lórí àwòrán ilẹ̀ tí àwọn Faransé fi sílẹ̀ fún wa, Ifangni ni wọ́n kọ orúkọ ìlú wa. Nínú ìwé àwọn òpìtàn tí ń kọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, Ifonyin ni. Ìfọ̀nyìn ni àwa ń pè é. Orúkọ kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n akọ̀wé méjì ni ó kọ ọ́, nítorí pé ìjọba méjì ni ó jókòó pín ilẹ̀ tí a ń pe orúkọ náà mọ́. Bí a bá gba ọ̀nà Ìgólò, ẹnu ibodè ni a ó bá. Bí a bá sì kọjá ibodè, Ìdí-Ìrókò ni a bọ́ sí: ìjọba ti di ti Nàìjíríà, owó ti di náírà, ìwé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ti di Gẹ̀ẹ́sì. Èdè tí a fi ń kí ara ẹni ní òwúrọ̀ kò yí padà.

Ìtàn tí a sábà máa ń sọ nípa ibodè yìí nínú ìpàdé ẹgbẹ́ wa kò gùn rárá. Àwọn òyìnbó fa ìlà, wọ́n gé wa sí méjì, okùn ẹbí sì já. A ti gbọ́ ọ léraléra, a sì ti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ wa. Kì í ṣe irọ́. Síbẹ̀, kò tíì di ìtàn tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ níwájú olùkọ́, nítorí kò dáhùn ohun tí ó yẹ kí òpìtàn bèèrè. Okùn wo ni ó já? Ọdún wo ni ó já? Ta ni ó tún un so, ta ni ó sì jẹ́ kí ó jẹrà? Ǹjẹ́ kò sí okùn tí ó jẹ́ pé ibodè gan-an ni ó hun ún? Ó ti tó bí àádọ́ta ọdún báyìí tí ẹ̀ka kan ti ń dàgbà nínú ìmọ̀ sitatísíìkì, èyí tí àwọn tí ó kàwé ní Faransé mọ̀ sí statistique, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wádìí bí àjọṣe láàrin ènìyàn, láàrin ẹgbẹ́ àti láàrin ìlú ṣe ń yí padà bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́. A fẹ́ mú un wá síwájú àwọn òǹkàwé wa, kí a wo ohun tí ó lè ṣe fún ìtàn Ìfọ̀nyìn, kí a sì wo ewu tí ó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, àwọn aṣojú ilẹ̀ Faransé àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Paris. Apá kan nínú rẹ̀ kan Èkó àti Àjàṣẹ́, tí ó ti wà lábẹ́ ààbò àwọn Faransé láti ọdún 1883. Ó ní ààlà yóò tọ ìlà òòró kan tí ó gba ibi odò Àjàrá kọjá, pé a ó fi Ìpókíá sílẹ̀ fún ìjọba Èkó, àti pé ìlà náà yóò máa lọ sí àríwá títí yóò fi dé ìwọ̀n kẹsàn-án. Ìlà òòró ni èyí tí àwọn onímọ̀ fi ń wọn ayé láti òpin àríwá dé òpin gúúsù. Kò mọ oko, kò mọ ilé, kò mọ ẹni tí ó fẹ́ ọmọ ta. Àwọn ará Ìfọ̀nyìn, tí ìtàn àtẹnudẹ́nu so mọ́ Ọ̀yọ́, bá ara wọn ní apá méjèèjì: ìlú wa bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìfọ̀nyìntẹ̀dó wà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ Ìfọ̀nyìntẹ̀dó fúnra rẹ̀ ń sọ ìtàn fún ẹni tí ó bá gbọ́ èdè: ibi tí Ìfọ̀nyìn tẹ̀dó sí ni.

Òpìtàn tí a kò lè ṣe aláìdárúkọ rẹ̀ níbí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ìlú tí òun náà wà lẹ́bàá ààlà kan náà. Ìwé rẹ̀, Western Yorubaland under European Rule, tí ó jáde ní ọdún 1976, gbé ìjọba Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì sórí ìwọ̀n kan náà láti 1889 títí di 1945. Nínú rẹ̀ ni a ti rí i pé ilà kò mú kí àwọn ènìyàn jókòó sójú kan. Owó orí, iṣẹ́ tipátipá, àti kíkó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin sí iṣẹ́ ológun nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní lé ọ̀pọ̀ ará apá Faransé lọ sí apá Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Ọ̀họ̀rí dìde ogun sí Faransé ní àkókò náà. Àwọn mìíràn kò jà. Wọ́n dì ẹrù wọn lóru, wọ́n sì kọjá. A kò fòpin sí iṣẹ́ tipátipá lábẹ́ òfin Faransé títí di ọdún 1946.

Ohun tí a fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró lé lórí níbí ni pé ẹni tí ó sá kò sá lọ sínú òfo. Ilé ẹnì kan ni ó sá lọ. Ó lè jẹ́ ilé àna, ilé ẹ̀gbọ́n ìyá, tàbí ilé ẹni tí wọ́n jọ ń ná ọjà. Bí ó bá ti dé ibẹ̀ tí ó sì rí ilẹ̀ dáko, òun náà di ilé tí ẹlòmíràn yóò sá wá. Àjọṣe ni ó darí ìrìn, ìrìn sì tún dá àjọṣe tuntun sílẹ̀. Bí a bá ti rí i báyìí, a kò lè sọ mọ́ pé ní 1889 a ní okùn, ní 1890 a kò ní. Ohun tí a ní ni àwọ̀n kan tí ó ń já níbí tí ó ń so lọ́hùn-ún, tí ẹnikẹ́ni kò sì rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Àwọ̀n ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un pẹ̀lú. Ó sì yẹ kí a mọ̀ pé ilẹ̀ Áfíríkà ni púpọ̀ nínú ìmọ̀ yìí ti gbó. Ní àárín ọ̀rúndún ogún, àwọn onímọ̀ ìbágbépọ̀ kan tí wọ́n so mọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga Manchester ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ìlú tí ilé iṣẹ́ àti ìwakùsà dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ tí ó di Zambia. Wọ́n rí i pé òfin ìdílé àti ti ìlú abínibí kò tó láti ṣàlàyé bí àwọn ènìyàn tí ó ti ibi púpọ̀ wá ṣe ń gbé papọ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ ẹni tí ó mọ ẹni sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. J. Clyde Mitchell kó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jọ sínú ìwé kan ní ọdún 1969. Ọ̀kan nínú wọn, Bruce Kapferer, lọ jókòó ti àwọn aránṣọ ní ilé iṣẹ́ kan ní Kabwe. Àwọn òṣìṣẹ́ mọ́kàndínlógójì ni ó kọ àjọṣe wọn sílẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì, oṣù méje sì wà láàrin ìgbà kìíní àti ìgbà kejì. Lẹ́yìn ìgbà kìíní, àwọn òṣìṣẹ́ gbìyànjú láti daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù, kò yọrí. Lẹ́yìn ìgbà kejì, wọ́n tún daṣẹ́ sílẹ̀; ó yọrí sí rere.

Kí ni ó yí padà láàrin ìgbà méjèèjì? Bí a bá ka òkùn ọ̀rẹ́ nìkan láàrin àwọn mọ́kàndínlógójì náà, 158 ni ní ìgbà kìíní, ó sì di 223 ní ìgbà kejì, nínú 741 tí ó ṣeé ṣe kí ó wà. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Èyí ni igbó tí ń kún lójú ẹni. A kò gbọdọ̀ torí rẹ̀ sọ pé ọ̀rẹ́ púpọ̀ ni ó mú ìdaṣẹ́sílẹ̀ yọrí, nítorí ìṣẹ̀lẹ̀ méjì kò tó ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ìwé aránṣọ Kabwe yìí ṣì wà lára ohun tí a fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ káàkiri ayé bí a ti ń ka àjọṣe. Ó dùn wá díẹ̀ pé orúkọ ẹni tí ó kọ ìwé ni ayé mọ̀, tí kò sì sí ẹni tí ó mọ àwọn aránṣọ. Bóyá ó sàn fún wọn bẹ́ẹ̀. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ náà.

Kíkà nìkan kò tó. Ẹni tí ó bá ka 158 lónìí tí ó ka 223 lọ́la ti mọ̀ pé okùn pọ̀ sí i, kò tíì mọ òfin tí ó mú un pọ̀. Ní 1977, àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Paul Holland àti Samuel Leinhardt, tẹ ìwé kan jáde tí ó wo àwọ̀n bí ohun tí ń yí padà nígbà gbogbo, kì í ṣe ní ọjọ́ tí olùwádìí bá yọjú nìkan. Orí ìpìlẹ̀ yìí ni Tom Snijders, ọmọ ilẹ̀ Netherlands tí ó kọ́ni ní Groningen àti ní Oxford, kọ́ àwòṣe tirẹ̀ lé láti nǹkan bí ọdún 1996, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan fún un tí ń jẹ́ SIENA, tí ẹnikẹ́ni lè gbà láìsanwó.

A ó gbìyànjú láti ṣàlàyé àwòṣe náà láìlo àmì ìṣirò kankan. Kí a sọ pé ọgbọ̀n obìnrin ni ó ń ta epo pupa ní ọjà kan, a sì fẹ́ mọ ẹni tí ń dá epo fún ẹni láìgba owó lójú ẹsẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan lè dá a fún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n yòókù, nítorí náà 870 ni okùn tí ó lè wà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn lè wà, ó sì lè má sí. Iye oríṣiríṣi àwọ̀n tí a lè fi ìyẹn hun jẹ́ nọ́ḿbà tí ó gùn tó òǹkà 262 bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà kankan kò lè wò wọ́n tán ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọgbọ́n tí Snijders dá ni pé kí a má ṣe wo gbogbo àwọ̀n, kí a wo ẹni tí ó wà nínú rẹ̀. A gbà pé láàrin ọjọ́ tí a kọ́kọ́ kà á àti ọjọ́ tí a tún un kà, ìyípadà ń wáyé ní díẹ̀díẹ̀, okùn kan lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà kan á kan obìnrin kan: ó lè so okùn kan sí i, ó lè já ọ̀kan, ó sì lè fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti wà. Lẹ́yìn rẹ̀ á kan ẹlòmíràn.

Kí ni obìnrin náà ń rò bí ó bá kàn án? Ibí ni òfin àjọṣe ti wọlé, àwọn òfin tí àwọn baba wa sì ti fi òwe sọ kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ẹni tí ó ṣe mí lóore ni mo ń ṣe lóore padà, ìdápadà nìyẹn. Ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ mi súnmọ́ mi ju àjèjì lọ. Ẹni bí ẹni ni í wu ni: ará abúlé kan náà, onísìn kan náà, ẹni ọjọ́ orí kan náà. Ẹni tí ọjà rẹ̀ ti kún sì máa ń fa èrò mìíràn mọ́ra. Àwòṣe náà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn òfin wọ̀nyí ní ìwọ̀n. Kọ̀ǹpútà á bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọ̀n ọjọ́ kìíní, á máa ṣe bí ẹni pé ọjọ́ ń lọ, lẹ́ẹ̀gbẹ̀rún ìgbà, á sì fi ohun tí ó rí wé àwọ̀n ọjọ́ kejì. Bí kò bá jọ ọ́, á tún ìwọ̀n ṣe. Nígbà tí wọ́n bá jọra tán, a ó mọ òfin tí ó ṣiṣẹ́ àti èyí tí kò ṣiṣẹ́, a ó sì mọ bí ó ti dá wa lójú tó.

Ẹ̀bùn ńlá tí àwòṣe yìí fún ìmọ̀ ni pé ó lè ya ohun méjì sọ́tọ̀ tí ojú lásán kò lè yà. Àgùntàn tí ó bá bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ṣé àgùntàn jẹ ìgbẹ́ nítorí pé ó bá ajá rìn ni, tàbí nítorí pé ó ti ń jẹ ìgbẹ́ tẹ́lẹ̀ ni ó ṣe wá ajá lọ? Steglich, Snijders àti Pearson bi ìbéèrè yìí léèrè lórí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan ní agbègbè Glasgow ní Scotland, tí a ti kọ ọ̀rẹ́ wọn àti sìgá àti ọtí wọn sílẹ̀ nígbà mẹ́ta ní àwọn ọdún 1990. Àbọ̀ iṣẹ́ wọn jáde ní 2010. Láìsí pé a kọ ọ́ sílẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè dáhùn rẹ̀.

Ní 2014, Pavel Krivitsky àti Mark Handcock fi ohun kan kún un tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Wọ́n ní òfin tí ń so okùn lè yàtọ̀ sí òfin tí ń mú okùn pẹ́, kí a kà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ wo ibodè wa pẹ̀lú ojú yìí. Ìgbéyàwó ṣòro láti so. A ń wádìí, a ń lọ tọrọ, a ń dáná. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti so, tí ọmọ sì wà, ogún ọdún lè kọjá láìrí ara ẹni kí okùn náà má já. Okùn òwò rọrùn láti so, ìpàdé méjì ní ọjà lè so ó. Bí a kò bá sì máa tún un so ní ọjà dé ọjà, á kú láìsí ẹni tí ó pa á. Bí ìjọba bá wá ti ibodè, okùn méjèèjì kì í jìyà bákan náà, iye owó orí ẹrù kò sì ní fi èyí hàn wá.

Ìjọba sì ti tì í lọ́pọ̀ ìgbà. Ní ọdún 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè CEDEAO fọwọ́ sí ìwé pé kí ọmọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà máa lọ kí ó máa bọ̀. Kò ju ọdún márùn-ún lọ lẹ́yìn rẹ̀ tí Nàìjíríà ti ti ibodè rẹ̀, ní 1984, tí kò sì ṣí i títí di 1986. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ó tún tì í. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, ó ṣí mẹ́rin nínú àwọn ibodè ilẹ̀ rẹ̀. Sẹ̀mẹ̀ wà nínú wọn, Ìdí-Ìrókò kò sí níbẹ̀. Oṣù kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣí Ìdí-Ìrókò. Ẹ jẹ́ kí a kà á: bí oṣù mẹ́rìndínlógún ni ibodè Sẹ̀mẹ̀ fi wà ní títì, tiwa jẹ́ bí oṣù méjìlélọ́gbọ̀n, ìlọ́po méjì gẹ́lẹ́. Ibodè méjèèjì kò jìnnà síra, àṣẹ kan náà ni ó tì wọ́n, ọjọ́ ṣíṣí nìkan ni ó yàtọ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí ìtàn gbé irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ka iwájú olùwádìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí oṣù mélòó ṣe ń pa okùn òwò, tí kò sì pa okùn àna, ibí ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹnìkan lè sọ pé ilé iṣẹ́ ìṣirò ìjọba ti ṣe é. INSAE, tí ó ti di INStaD, rán àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí àwọn ẹnu ààlà ní 2010 àti ní 2011 láti ka òwò tí kì í gba ìwé ibodè kọjá. Iṣẹ́ dáadáa ni, a sì mọyì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹrù ni wọ́n kà. Àpò àgbàdo kò lè sọ fún wa pé ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹni tí ó gbé e ni ó ń dúró dè é ní òdìkejì. Àwọn iṣẹ́ mìíràn súnmọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Olivier Walther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ya àwọ̀n àwọn oníṣòwò ìrẹsì ní ilẹ̀ Dẹ́ńdì, níbi tí Benin, Niger àti Nàìjíríà ti pàdé. Ní Ghana, Timothy Conley àti Christopher Udry tẹ̀lé àwọn àgbẹ̀ ọ̀pẹ̀ òyìnbó, wọ́n sì fi hàn ní 2010 pé àgbẹ̀ ń yí iye ajílẹ̀ tirẹ̀ padà lẹ́yìn tí ẹni tí ó máa ń bá sọ̀rọ̀ oko bá jèrè ju bí a ti rò lọ. Ní orílẹ̀-èdè tiwa, Léonard Wantchekon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì wá àwọn ọmọ tí ó kọ́kọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ ní ayé ìjọba Faransé kàn, wọ́n sì tẹ̀lé àwọn àtọmọdọ́mọ wọn. Iṣẹ́ wọn tí ó jáde ní 2015 fi hàn pé ìwé tí ẹnì kan kà kò dúró lára ọmọ bíbí rẹ̀ nìkan. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Ìyẹn kì í ṣe ìròyìn fún ẹnikẹ́ni tí ó ti gbé nílé bùrọ̀dá tàbí àǹtí láti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní Àjàṣẹ́. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni pé a ti wọ̀n ọ́n.

Àwa Yorùbá ti rí i rí pẹ̀lú pé a lè fa àwọ̀n ya lọ́jọ́ kan. Nígbà tí ìjọba Ghana pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò níwèé jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn oníṣòwò Yorùbá tí ó ti tẹ̀dó sí àwọn ìlú àríwá ibẹ̀ láti ọdún pípẹ́ kó ẹrù. J. S. Eades, nínú ìwé rẹ̀ lórí wọn, tọpa bí wọ́n ṣe débẹ̀: bàbá mú ọmọ, ọ̀gá mú ọmọ iṣẹ́, láti ìlú díẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹni tí ó bá ka ìwé náà pẹ̀lú ìmọ̀ àwọ̀n lọ́wọ́ yóò rí i pé òfin kan náà tí ó kó wọn lọ ni ó gbà wọ́n sílé nígbà tí wọ́n padà.

A wá dé ibi tí ó le. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa yóò rò pé bí a kò bá ti kọ àjọṣe sílẹ̀ ní ayé àtijọ́, a lè bi àwọn àgbà léèrè lónìí. A lè bi wọ́n, a sì gbọ́dọ̀ bi wọ́n kíákíá. Ṣùgbọ́n òkú okùn kì í jẹ́rìí. Ẹni tí okùn tirẹ̀ pẹ́ ni a ń bá lójú ọjà tí ó ń sọ ìtàn. Ẹni tí tirẹ̀ já ní 1984 ti fi òwò sílẹ̀, ó ti lọ sí Kútọnu tàbí Èkó, tàbí ó wà ní oko tí ẹnikẹ́ni kò bi í ní nǹkan kan. Bí a bá bi àwọn tí ó wà lójú ọjà nìkan, a ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ibodè kò já nǹkan kan. Bí a bá bi àwọn tí ó kúrò nìkan, a ó kọ ọ́ pé ó já gbogbo rẹ̀. A fura pé ibí ni àríyànjiyàn tí ó máa ń wáyé nínú ìpàdé wa ti wá, tí àgbà kan á máa sọ pé a ti pínyà pátápátá, tí èkejì á máa rẹ́rìn-ín. Ọ̀tọ̀ ni àwọ̀n tí olúkúlùkù wọn wà.

Ewu kejì tóbi jù ú lọ. Nínú ìwádìí mìíràn, a lè fi orúkọ ẹni pa mọ́, kí a ka ẹ̀yà, ọjọ́ orí àti iṣẹ́ rẹ̀. Ìwádìí àwọ̀n kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ pátápátá: bí a kò bá mọ̀ pé ẹni tí Ìyá kan dárúkọ lónìí ni ẹni tí òmíràn dárúkọ lọ́dún tí ń bọ̀, kò sí àwọ̀n, orúkọ lásán ni a ní. Ẹni tí ó sì ń dáhùn kò sọ ti ara rẹ̀ nìkan. Ó ń dárúkọ àwọn tí kò sí níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn. Ní ìlú tí kò sí ibodè, ìyẹn lè má jẹ́ nǹkan kan. Ní ìlú tí a ti ń gbé kpayo kọjá lórí alùpùpù, tí ìrẹsì ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú, ìwé tí a kọ ẹni tí ń bá ẹni ṣòwò sí ni ohun tí aṣọ́bodè yóò fi ẹ̀rín gbà. Ìmọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò sì gba ìjánu: bí ẹnì kan ṣoṣo tí gbogbo okùn gba ọwọ́ rẹ̀ bá kọ̀ láti dáhùn, ìṣirò yóò fi hàn pé àwọ̀n ti ya sí méjì, nígbà tí kò ya.

Nítorí náà, èrò tiwa ni pé kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní Ìfọ̀nyìn, ní Ìgólò tàbí ní Banigbé má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí òwò tí òfin ń lépa. Kí wọ́n bèèrè ẹni tí ó wá sí ìsìnkú ní ilé náà láti òdìkejì ààlà, ẹni tí a jọ ń dá àjọ, ẹni tí ọmọ ilé náà ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ láti lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ìlú tí a ti ń pè wọ́n wá síbi Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Kí a fi nọ́ḿbà rọ́pò orúkọ ní ọjọ́ náà gan-an, kí ìwé tí ó so nọ́ḿbà mọ́ orúkọ wà lọ́wọ́ ẹnì kan tí kì í ṣe olùwádìí. Kí a wá àwọn tí ó ti kúrò lójú ọjà pẹ̀lú, ìbáà gba ọ̀nà jíjìn. Kí a tún padà lọ bi àwọn ilé kan náà léèrè ní oṣù kan náà ní ọdún kejì, nítorí àkókò ìkórè àti àkókò òjò kì í mú ènìyàn kan náà wá kí ni. Ẹni tí ó bá ti kú láàrin ìgbà méjèèjì, kí a kọ ọ́ pé ó ti jáde kúrò nínú àwọ̀n, kí a sì fi okùn rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé ọdún kìíní bí ó ti wà.